Lobachevsky kò sọ òfin àtijọ́ nù

Ìlú Nizhny Novgorod, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni a bí Nikolai Lobachevsky sí ní ọdún 1792. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ kó òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ sí ìlú Kazan. Ní ọdún 1807, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀. Ní 1827, ó di ọ̀gá àgbà rẹ̀. Nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1830, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa ìlà àti igun ni ayé fi ń rántí rẹ̀. Ó ju ọdún 2000 lọ tí Euclid, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì, ti fi òfin ìmọ̀ yìí lélẹ̀. Fa ìlà gbọọrọ kan sórí ibi pẹrẹsẹ, kí o sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin Euclid, ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo ni ó lè gba orí àmì náà kọjá láìpàdé ti àkọ́kọ́ láéláé. Lobachevsky ní tirẹ̀ gbà pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè ju ẹyọ kan lọ. Nínú ayé tuntun tí ó tibẹ̀ yọ, àròpọ̀ igun mẹ́ta onígun-mẹ́ta kò pé ìwọ̀n 180.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1829. Àwọn ọ̀mọ̀wé St. Petersburg kọ̀ ọ́. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ wó ilé tí Euclid kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Fojú inú wo bọ́ọ̀lù kan tí ó ń tóbi sí i láìdáwọ́ dúró, tí ara rẹ̀ sì ń kan ibì kan náà nígbà gbogbo. Nínú ayé Euclid, ara bọ́ọ̀lù náà yóò máa tẹ́ lọ títí yóò fi di pẹrẹsẹ. Nínú ayé Lobachevsky, kì í tẹ́ tán. Ó ń di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní horosphere. Ohun ìyanu ni pé, fún àwọn ìlà tí a fà sára rẹ̀, òfin Euclid tún padà bọ̀ sípò: igun mẹ́ta pé 180 gẹ́lẹ́. Ogún àgbà kò sọnù. Ó ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé tuntun.

Ní 1846, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Lobachevsky. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ fọ́. Síbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ń bá a kọ ọ́, títí ìwé rẹ̀ ìkẹyìn fi parí. Ó kú ní 1856.

Ní 1868, Eugenio Beltrami, ọmọ Ítálì, fi ìmọ̀ Euclid ya àwòrán ayé Lobachevsky. Báyìí ni ó hàn pé ìmọ̀ méjèèjì jọ dúró ni: bí ọ̀kan bá wó, èkejì yóò wó.