Robert Warington àti Ewéko Inú Omi

Bí a bá bu omi sínú àwo dígí, tí a sì kó ẹja sí i, omi náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹja a máa mí, a sì máa lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi náà; ìgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú a sì máa sọ omi di ẹlẹ́gbin. Bí ẹni tí ó ni ín kò bá tètè pààrọ̀ omi, ẹja náà yóò kú. Wàhálà yìí kan náà ni àwọn tí ń sin ẹja ní ilé wọn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń rí nígbà àtijọ́. Robert Warington wà lára àwọn tí ó wá ojútùú sí i.

A bí Warington ní ìlú Sheerness, ní ilẹ̀ Kent, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1807. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Nígbà tí ó yá, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìpọntí ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1841, òun ni ó ṣe aáyan jùlọ tí a fi dá Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Kẹ́mísìrì sílẹ̀ ní ìlú náà, ó sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 1842, ó di onímọ̀ kẹ́mísìrì fún Ẹgbẹ́ Àwọn Apoògùn.

Ṣáájú ìgbà tirẹ̀, Joseph Priestley ti fi hàn pé ewéko a máa tún afẹ́fẹ́ tí ó ti bàjẹ́ ṣe, Jan Ingenhousz sì ti fi hàn ní ọdún 1779 pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewéko fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Warington rò ó pé bí ewéko bá lè ṣe èyí nínú afẹ́fẹ́, ó yẹ kí ó lè ṣe é nínú omi pẹ̀lú, kí ẹja lè wà láàyè láìsí pé à ń pààrọ̀ omi rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ẹja aláwọ̀ wúrà kì í fi ewéko lọ́rùn sílẹ̀. A máa fi ẹnu tú iyanrìn kiri láti wá oúnjẹ, a máa hú ewéko tí kò tíì ta gbòǹgbò dáadáa, a sì máa já ewé tí ó rọ̀ jẹ. Ewéko tí a bá hú yóò léfòó, yóò jẹrà, yóò sì ba omi jẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹja tí ó ba ewéko jẹ́, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó ń wu léwu.

Ní ọdún 1849, Warington mú àwo dígí ńlá kan tí ó lè gba nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 12. Ó bu omi ìsun sí i dé ìdajì, ó sì da iyanrìn àti ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó to òkúta sí i kí ẹja lè rí ibi sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ó gbin ewéko kan tí a ń pè ní Vallisneria, tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ọ̀já. Ó ki gbòǹgbò rẹ̀ bọ inú ẹrẹ̀, ó sì gbé òkúta kan lé e, kí ó má baà kúrò ní ààyè rẹ̀. Ẹja aláwọ̀ wúrà kékeré méjì ni ó kó sínú omi náà. Ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu àwo náà nítorí eruku àti èéfín ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ déédéé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, àwọn ewé tí ó ti gbó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Omi ṣókùnkùn, ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ sì bo ara dígí. Ikú ń bọ̀ wá bá ẹja àti ewéko pọ̀. Warington kò da omi náà nù. Ó ronú sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú odò àti adágún, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pààrọ̀ omi. Ó rí i pé ìgbín inú omi ni ó ń gbá ibẹ̀ mọ́. Ó wá kó ìgbín bẹ́ẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà sínú àwo náà. Àwọn wọ̀nyí jẹ gbogbo ìdọ̀tí àti ewé jíjẹrà, omi sì mọ́ gaara. Ẹyin tí ìgbín ń yé sì di oúnjẹ fún ẹja.

Ní ọdún 1850, ó fi àbájáde iṣẹ́ yìí hàn fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1852, ó ń dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú omi òkun. Ní ọdún 1853, a ṣí ilé ẹja sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní Regent's Park ní Lọ́ńdọ̀nù, sísin ẹja nínú dígí sì di ohun tí tọmọdé tàgbà ń ṣe. Warington kú ní ọdún 1867. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Robert Warington, di olókìkí nínú ìmọ̀ nípa ilẹ̀ oko.

Títí di òní, àwọn tí ń sin ẹja a máa gbé òkúta ti ìdí ewéko, wọn a sì jẹ́ kí ó ta gbòǹgbò kí wọ́n tó kó ẹja sí i. Bí ẹja bá jẹ́ oníjà tí ń já ewé jẹ, wọn a yan ewéko tí ewé rẹ̀ yi. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni Anubias, tí ń hù ní etí odò nínú igbó ìlà-oòrùn gúúsù Nàìjíríà àti ní Kamẹrúùnù; ara òkúta ni a ń so ó mọ́.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹja, ewéko àti ìgbín, kò sí èyí tí ó lè dá wà nínú àwo náà. Ohun tí Warington ṣe ni pé ó wá ààyè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì dáàbò bo èyí tí kò lè sá, nítorí pé ẹ̀mí àwọn ìyókù wà lọ́wọ́ rẹ̀.