Àjàyí Crowther àti Ìyá Rẹ̀ Àfàlá

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin mi nínú Olúwa, bí a bá dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, Bíbélì Yorùbá ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ohun tí àwa tíṣà fi ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. A kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni a ti rí bí Olùṣọ́-àgùntàn rere ti ń wá èyí tó sọnù. Lóòótọ́, ìjọ CMS ni bàbá yìí, kì í ṣe Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n agbo kan náà ni.

Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, bí wọ́n ti ń gbọ́únjẹ lọ́wọ́, ogun já wọ ìlú. Wọ́n fi okùn so Àjàyí, ìyá rẹ̀ Àfàlá, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan kò tíì pé ọdún kan, bí ẹni so ẹran. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pín wọn níyà. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, ó dá a padà, ó sì gba ọmọ náà. Lẹ́yìn náà wọ́n tún fi ṣe pààrọ̀ tábà àti ọtí. Ó dé ibi tí ọmọ náà fẹ́ fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru, àyà rẹ̀ ni kò gbà á.

Ti ọjọ́ ìdáǹdè rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú tó gbé e. Nínú ọkọ̀ ogun náà, Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́, wọ́n ní ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta ìbọn àgbá, wọ́n ní orí ènìyàn ni. Ọwọ́ tó yọ wọ́n ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin àgùntàn rí, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe.

Ní Sàró ó kọ́ ìwé, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó fẹ́ Asano tí òun náà bọ́ lóko ẹrú, ó sì di àlùfáà ní 1843. Ní 1845 ó gúnlẹ̀ sí Badagry, Abẹ́òkúta ni ó ń lọ. Ọ̀nà dí nítorí ikú Ṣódẹkẹ́, oṣù 18 ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀. Ta ni kò ní ráhùn?

Nígbà tó yá, wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1846, Àfàlá wọlé dé, òun àti ọbàkan Àjàyí. Ó ti pé ọdún 25. Wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ìyá ń gbọ̀n, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó sì ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń kẹ́ ẹ ní kékeré.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kó lẹ́rú nígbà náà kò fojú kan ìyá wọn mọ́, ó yẹ kí a sọ ìyẹn pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń sọ ìtàn yìí níwájú ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì dé, ẹ má ṣe sọ ọ́ bí ẹni pé àdúrà tirẹ̀ ni kò tó. Ẹ jókòó tì í.

Ní oṣù Kejì 1848 Àfàlá ṣe ìrìbọmi, orúkọ rẹ̀ sì di Hannah, ìyá Sámúẹ́lì. Ní 1864 a fi ọmọ rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ó di olùṣọ́ agbo Olúwa létí Odò Ọya. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti òkè òkun lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀; ìbànújẹ́ ńlá ni, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Ìyá rẹ̀ kò rí ìyẹn. Ó ti sùn nínú Olúwa ní 1883, ọdún 37 lẹ́yìn tí ó rí ọmọ rẹ̀.