Àjàyí Crowther àti Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Mẹ́ta fún Aṣíwájú

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a fi èdè Faransé kàwé ní Kpankou àti káàkiri ilẹ̀ Kétu, bí a bá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe aṣíwájú iṣẹ́ máa ń dà pọ̀ mọ́ wa lójú. «Pioneer», «spearhead», «oversee»: a máa ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìgbésí ayé Samuel Àjàyí Crowther lè là wá lọ́yẹ.

Òṣogùn ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, ogun kó ìlú náà, wọ́n sì tà á lẹ́rú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó sì di èrò Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay.

«Pioneer» wá láti ara «pionnier» tí àwa mọ̀: ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí í la ọ̀nà kí àwọn yòókù tó kọjá. Ohun tí Crowther ṣe fún èdè wa nìyẹn. Ní 1843, tí ó di àlùfáà, ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1853 ó wá sí Kétu wa níhìn-ín.

«Spearhead» ni ṣóńṣó orí ọ̀kọ̀: òun ni í kọ́kọ́ wọlé, igi ọ̀kọ̀ a sì tẹ̀ lé e. Ní 1857, Crowther ṣíwájú àwọn ọmọ Áfíríkà bíi tirẹ̀ láti dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha, létí Odò Ọya.

«Oversee» ni kí a máa bójú tó iṣẹ́. Ìtumọ̀ tí orúkọ oyè «bishop» ní nìyẹn láti inú èdè Gíríìkì. Ní 1864 wọ́n fi Crowther joyè náà, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni oyè, ọ̀tọ̀ ni àṣẹ. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí wọ́n tó ọmọ-ọmọ rẹ̀ dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Bàbá arúgbó náà kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí, kí a má ṣe fi ọ̀kan dípò èkejì. A lè pe ènìyàn ní alábòójútó kí àṣẹ má sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí aṣíwájú là kì í dí bọ̀rọ̀: Bíbélì Yorùbá tí Crowther darí ìtumọ̀ rẹ̀ parí ní 1884, àwa tí a sì ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lónìí, ipasẹ̀ rẹ̀ ni a ń tọ̀.