Booker T. Washington: Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ tó Fi Aago Dógò Nítorí Bíríkì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ yín ń sá fún ní sẹ́kọ́ńdírì. Ẹni tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kàn wá. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Booker T. Washington sí ní Virginia, Amẹ́ríkà, ní 1856. Ní 1881 ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé ni wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, àgbẹ̀ àti aṣọ rírán.

Wọ́n fẹ́ fi bíríkì kọ́ ilé, wọ́n sun ún lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, owó sì tán. Washington fi aago rẹ̀ dógò, ó gba dọ́là 15. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó jinná! Àwọn aláwọ̀ funfun àdúgbò náà wá ń rà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn òbí kan fárí gá pé ìwé làwọn ní kí ọmọ àwọn wá kọ́, kì í ṣe làálàá. (Ànábì Dáwúdà tó ń rọ ẹ̀wù irin ńkọ́?) Kò torí ìyẹn yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Ní 1903, W. E. B. Du Bois ta kò ó pé ó ń fi ẹ̀kọ́ gíga àti ẹ̀tọ́ ìdìbò sẹ́yìn. Lójú tiwa, Du Bois jàre lórí ti ìbò. Nígbà tí Washington kú ní 1915, ilé tó wà ní Tuskegee ti lé ní 100, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì fi kọ́ èyí tó pọ̀ nínú wọn.