Ellen Swallow Richards yẹ omi wò kí òfin tó dé

Èmi tí mo ka ìwé òfin mọ̀ pé òfin kì í sábà tètè dé. Ẹ wo ìgbésí ayé Ellen Swallow Richards.

Ọdún 1842 ni wọ́n bí i ní Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí MIT. Ó gboyè nínú kẹ́mísírì lọ́dún 1873. Lọ́dún 1887, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n yẹ omi mímu aráàlú wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò omi ló gba ọwọ́ rẹ̀ àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọjá.

Iyọ̀ ló fi tọpasẹ̀ ẹ̀gbin. Omi tó sún mọ́ òkun máa ń níyọ̀ ju tòkè lọ, ìyẹn ò sì kan ẹnikẹ́ni. Ó wá ya máàpù iye iyọ̀ tó yẹ kó wà níbì kọ̀ọ̀kan. Níbi tó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìfura dé nìyẹn: àfàìmọ̀ kí omi ṣáláńgá má ti wọ̀ ọ́, torí iyọ̀ wà nínú ìtọ̀ èèyàn. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó bí ìlànà omi mímu níbẹ̀. Ó kú lọ́dún 1911.

Lónìí náà, kẹ́míkà tí òfin ò tíì dárúkọ wà nínú omi. Tá a bá ní kófin dé ká tó wọ̀n ọ́n, a ó ti mu ún yó.