Alois Senefelder: Ọmọ Òṣèré tí ó fi Òkúta Tẹ̀wé

 Kí a tó máa bá a lọ, ẹ mú páálí ọṣẹ tàbí ti tíì kan tí ó wà nínú ilé yín, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wo bí ó ti ń dán, ẹ wo àwòrán ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àlùwàlá, kí ẹ ṣí Àlùkùránì tí wọ́n tẹ̀ ní Mọdínà, èyí tí Uthman Taha fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Páálí ọṣẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ Àlùkùránì, a kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìtẹ̀wé kan náà ni ó sọ àwọn méjèèjì di ọ̀pọ̀ yanturu, ọkùnrin kan tí òṣì ń bá fínra ni ó sì rí ọgbọ́n náà ní ohun tí ó lé ní igba ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe Mùsùlùmí, kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun yóò kàn wá lọ́jọ́ kan. Alois Senefelder ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, ọdún 1771 ni wọ́n bí i ní ìlú Prague. Òṣèré orí ìtàgé ni bàbá rẹ̀, eré ni ó sì gbé e dé Prague. Ìlú Munich ní Bavaria, nílẹ̀ Jámánì, ni ìdílé náà fi ṣe ibùjókòó. Bàbá kò fẹ́ kí ọmọ òun jogún iṣẹ́ eré, nítorí náà ọmọ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì Ingolstadt. Ó ń ka òfin, ṣùgbọ́n ibi eré ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó tilẹ̀ kọ eré kan tí àwọn ènìyàn tẹ́wọ́ gbà. Ó tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún nígbà tí bàbá kú. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò mẹ́jọ kù sí i lọ́rùn. Bí ìwé kíkà ṣe dópin nìyẹn.

Ó bá àwọn òṣèré rìn títí, kò rí nǹkan kan mú bọ̀. Ó wá tún kọ eré mìíràn, ó gbé e fún atẹ̀wé. Atẹ̀wé fi iṣẹ́ náà falẹ̀ títí ọjà ìwé tí wọ́n máa ń ná ní Leipzig lásìkò ọdún Àjíǹde fi kọjá. Nígbà tí ìwé jáde, owó tí ó wọlé lórí rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju èyí tí atẹ̀wé gbà lọ. Ẹni tí ó bá ti gbé káàdì ìgbéyàwó fún atẹ̀wé rí, tí káàdì kò sì jáde títí ìyàwó fi ku ọ̀la, yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Senefelder kò kàn bínú lọ sílé. Ó ti dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ náà, ó ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì pinnu pé òun yóò máa tẹ ìwé òun fúnra òun.

Owó ẹ̀rọ kò sí, owó lẹ́tà òjé kò sí. Ó wá àwo bàbà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lódìlódì, nítorí pé ohun tí a bá kọ lódì ni yóò jáde ní títọ́ lórí bébà. Ásíìdì ni yóò wá gbẹ́ ibi tí ó kọ wọnú. Bí ó bá fi bàbà náà dánra wò tán, ó di dandan kí ó ha á, kí ó tún mú un dán, bàbà náà sì ń fẹ́lẹ́ sí i. Ojú rẹ̀ wá lọ sára òkúta pẹlẹbẹ kan tí ó ti rà láti máa fi lọ yíǹkì. Òkúta ẹfun ni, láti agbègbè Solnhofen ní Bavaria níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé. Kò wọ́n, ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, bí a bá sì fi iyanrìn àti omi ha á, yóò di ọ̀tun. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéwú yóò ti mọ ohun tí à ń sọ: wàláà rẹ̀ ni ó rí yẹn.

Ní ọdún 1796, ìyá rẹ̀ ní kí ó bá òun kọ iye aṣọ tí alágbàfọ̀ fẹ́ kó lọ. Alágbàfọ̀ ti dúró, kò sí bébà nítòsí, tàdáwà tí ó wà nílé sì ti gbẹ. Òkúta kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ha tán wà níwájú rẹ̀, ó sì ní yíǹkì kan tí ó fi ìda oyin, ọṣẹ àti èédú àtùpà pò. Ó kọ iye aṣọ náà sára òkúta, ó ní bí ó bá yá òun yóò dà á kọ sínú ìwé. Nígbà tí ó fẹ́ nù ún nù, ó rò ó pé, bí òun bá da ásíìdì sí i ńkọ́? Ó fi omi ìlọ́po mẹ́wàá là á, ó dà á sí i. Ásíìdì jẹ ojú òkúta lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ibi tí ìda àti ọṣẹ bò, àwọn lẹ́tà sì yọ sókè. Ó fi yíǹkì pa wọ́n, ó tẹ bébà lé e, ó sì jáde.

Owó ẹ̀rọ ni ó tún kù. Kí ó lè rí i, ó gbà láti bá ẹlòmíràn wọ iṣẹ́ ológun kí onítọ̀hún lè sanwó fún un. Ó dé Ingolstadt, wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti bí i, ó ní Prague, wọ́n sì ní àwọn kì í gba àlejò sí iṣẹ́ ológun Bavaria. Lójú tiwa, ìjákulẹ̀ yẹn ṣe ayé lóore. Franz Gleissner, akọrin ààfin, ni ó wá bá dòwò pọ̀, orin kíkọ sílẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀: orin méjìlá, ẹ̀dà 120. Olórí Bavaria fi 100 florin ta wọ́n lọ́rẹ, gbogbo ìnáwó wọn kò sì tó 30.

Títí dé ibẹ̀, a lè sọ pé ohun àtijọ́ ni ó ń fi òkúta ṣe. Gbogbo ìtẹ̀wé ayé ìgbà náà, yálà kí lẹ́tà yọ sókè ni, yálà kí ó jin wọnú. Ọdún 1798 ni ó rí èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ó mú abala kan nínú ìwé àtijọ́, ó rì í bọ omi gọ́ọ̀mù, ó fi yíǹkì olóròóró pa gbogbo rẹ̀. Yíǹkì náà lẹ̀ mọ́ lẹ́tà nìkan, ó sì kọ ibi tí ó tutù. Ó gbé e lọ sórí òkúta: ó fi ọ̀rá kọ̀wé, ó fi gọ́ọ̀mù àti omi pa ojú òkúta, ó wá yí yíǹkì lé e. Ibi tí omi wà lé yíǹkì, ibi tí ọ̀rá wà gbà á. Kò sí ohun tí ó yọ sókè, kò sí ohun tí ó jìn. Pẹrẹsẹ ni gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi omi lásán fọ abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rí mọ̀ pé omi àti epo kì í rẹ́. Òun ni ó kọ́kọ́ fi ìjà wọn tẹ̀wé.

Ní 1799, olórí Bavaria fún un ní ọdún 15 tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi ṣe iṣẹ́ náà. Oníṣòwò orin kan tí ń jẹ́ Johann André, ará Offenbach, san 2,000 florin láti kọ́ ọ. Ó dé London, ó gba àṣẹ ìjọba níbẹ̀ ní 1801. Ó lọ sí Vienna, ó fẹ́ fi ọgbọ́n rẹ̀ tẹ òdòdó sára aṣọ, ogun Napoleon bá ọjà jẹ́. Àwọn àbúrò tí ó ti ń bọ́ láti kékeré tilẹ̀ wà lára àwọn tí ó tú àṣírí iṣẹ́ náà tà ní Munich. A kò ní fi gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ènìyàn, nítorí òun náà kì í jókòó ti nǹkan kan: bí ọ̀kan bá ti fẹ́ máa mówó wá, yóò ti sáré lọ dán òmíràn wò. Ọdún 1809 ni ara tó rọ̀ ọ́, nígbà tí ìjọba Bavaria fi í ṣe alábòójútó ilé ìtẹ̀wé tí ń tẹ àwòrán ilẹ̀ fún owó orí, pẹ̀lú owó oṣù títí ayé. Ó gbéyàwó ní 1810. Ìyàwó náà kú nígbà ìbímọ ní 1813. Ní 1818 ó kọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ sínú ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kò fi ìwọ̀n yíǹkì tàbí ti ásíìdì kankan pamọ́. Ọjọ́ 26, oṣù kejì, ọdún 1834 ni ó kú ní Munich.

Ibi tí ó ti kàn wá nìyí. Lẹ́tà Lárúbáwá máa ń so mọ́ra, ó ń yí padà ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà òjé kì í lè ṣe é dáadáa, àṣìṣe sì kún inú Àlùkùránì tí wọ́n fi òjé tẹ̀ ní Venice ní nǹkan bí 1538. Òkúta Senefelder kò bèèrè òjé. Ohun tí ọwọ́ akọ̀wé bá kọ ni yóò jáde. Nítorí èyí ni Íńdíà àti Páṣíà fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1864, adájọ́ ará Mòrókò kan, al-Tayyib al-Rudani, ń bọ̀ láti Mọ́kà, ó ra ẹ̀rọ òkúta ní Íjíbítì, ó mú atẹ̀wé ibẹ̀ kan dání. Ìwé Tirmidhi lórí ìwà àti ìrísí Ànábì ni wọ́n kọ́kọ́ fi tẹ̀, ní 1865, Fez sì di ibùdó ìtẹ̀wé. Kìtáábù tí a fi ọwọ́ kọ tí a sì tẹ̀ ní Kano àti Ìlọrin, ọmọ ìyá ìyẹn ni.

Àwọn oníṣòwò náà kò sùn. Ní 1837 Engelmann gba àṣẹ ìjọba ní Faransé lórí títẹ àwọ̀ púpọ̀, òkúta kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lébẹ̀ẹ̀lì àti páálí wá bẹ̀rẹ̀ sí tàn: wọ́n á fi fáníìṣì tẹ ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó dà bí wúrà, wọ́n á bu ẹ̀tù idẹ sí i, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ta á sókè kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ní 1875 Robert Barclay ní London ń tẹ àwòrán sára agolo. Ní 1904 Ira Rubel ní Amẹ́ríkà gbàgbé bébà, àwòrán sì bọ́ sórí rọ́bà ẹ̀rọ. Bébà tí ó tẹ̀ lé e gba àwòrán lára rọ́bà, ó sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí ni ọ́fúsẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń gbọ́. Àwo tín-ín-rín ti gba ipò òkúta, àwọ̀ mẹ́rin sì ni ó ń di gbogbo àwọ̀ ara páálí. Dídán tí ẹ rí lára páálí yín, fáníìṣì ni, tàbí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní lámínéṣọ̀n. Ọ̀bẹ tí wọ́n tẹ̀ bí àwòṣe ni ó gé e, tí ó sì fa ojú ibi tí yóò ti ká.

Ẹ bá wa dé Ṣómólú ní Èkó, ní àárín àwọn atẹ̀wé. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró fún oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ iṣẹ́ yóò mú kànìnkànìn, yóò fi gọ́ọ̀mù pa ojú àwo náà kí ó má baà bàjẹ́. Oje igi ẹlẹ́gùn-ún ni gọ́ọ̀mù yẹn, láti Súdáánì, tàbí láti Òkè Ọya tiwa níhìn-ín.