ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: IGBÓ YÌÍ NÍ ẸNI TÓ NI Í

Ẹ ka Jóòbù 12:7-10 kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Lónìí, ẹ jẹ́ ká ronú lórí ayé Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ka ìwé rẹ̀ nílé ìwé, ẹ sì mọ Àkàrà-Oògùn ọdẹ àti àwọn iwin inú igbó. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bi ara yín rí, kí ló dé tó jẹ́ pé inú igbó ni bàbá yìí máa ń kó wa lọ ṣáá?

Òkè-Igbó ní ilẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti bí i ní 1903. Orúkọ ìlú yẹn ti sọ irú ibi tó jẹ́. Òrìṣà ni àwọn òbí rẹ̀ ń bọ kí wọ́n tó di onígbàgbọ́. Ifá ṣì wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀ títí dòní. Ó lọ sí St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ó kọ́ṣẹ́ tíṣà níbẹ̀, ó sì di olùkọ́. Ìdíje ìwé kíkọ kan tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ló mú un kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Ní 1949, Igbó Olódùmarè tẹ̀lé e.

Ẹ wo orúkọ ìwé kejì yẹn dáadáa. Gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bani ló wà nínú igbó Fágúnwà. Síbẹ̀, orúkọ Olódùmarè ló fi pè é. Ọdẹ tó bá wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilé onílé lòun wọ̀. Agbéraga tó bá débẹ̀, ojú rẹ̀ á rí màbo. Ẹni tó bá farabalẹ̀ á kọ́gbọ́n. Àwọn ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó gbẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje kí wọ́n tó padà sílé.

Ní December 1963, ó ṣubú sínú odò nítòsí Bida, ó sì kú. Ìwé ìtàn gígùn márùn-ún ló fi sílẹ̀ fún wa. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ àkọ́kọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

Àwa tí à ń gbé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko wá ńkọ́? Ilẹ̀ tiwa, ilẹ̀ omi ni, àbàtà àti ọ̀sà. A ń gé igi, a ń da yanrìn sí àbàtà, a ń ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí gọ́tà. Tí òjò bá wá rọ̀, tómi wọlé dé orí bẹ́ẹ̀dì, a ó ní ọ̀tá ilé bàbá wa ló ń bá wa jà. Ẹ̀yin ará, omi tí a dí lọ́nà ló ń wá ọ̀nà. Kíkọ́ ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, ṣebí èèyàn gbọ́dọ̀ ríbi sùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé à ń ṣe bíi pé ilẹ̀ náà kò ní ẹni tó ni í. Àdúrà dára púpọ̀, àmọ́ ẹ gbé ṣọ́bìrì dání.

Torí náà, ní Sátidé yìí, ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà iwájú ilé yín, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò níbẹ̀ kójò má baà gbá a padà. Tí igi kan bá ṣì wà lágbàlá yín, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó gé e.

Àdúrà: Olúwa, Ìwọ tó ni igbó, tó ni omi, kọ́ wa ká máa gbé nínú ilé Rẹ bí ọmọ, ká má ṣe bí olè. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Òní á sàn wá o.